Ọgbà tí a ṣe sí ẹ̀gbẹ́ títì: káńsù ní ó ga jù, kí ni kí a ṣe?

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo sì mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ti tún ilé ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láàárín wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Orí igun ni ilé wa wà, níbi tí títì méjì ti pàdé. Iwájú ilé kọjú sí títì kan, ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ẹ̀yìn wa sì gùn tọ títì kejì lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló wà láàárín àgbàlá náà àti ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ìjì wó ọgbà onípákó tí a bá níbẹ̀ ní ìgbà òtútù tó kọjá. A kó àwọn igi tó ti jẹrà dànù, ibẹ̀ sì wà ní gbayawu fún nǹkan bí oṣù méje kí owó tó jọ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni a ra òpó kọnkéré àti pánẹ́ẹ̀lì onípákó tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ìyẹn mítà 1.83, a sì fi ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ títì, sí ẹ̀yìn, àti sí ààlà àwa àti aládùúgbò wa.

Gbogbo ẹni tí a bi léèrè, títí kan ẹni tó ta pákó fún wa, ló sọ pé mítà 2 ni òfin gbà láìsí pé èèyàn ń tọrọ àṣẹ. Ọkàn wa balẹ̀ nítorí a rò pé a kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ káńsù pé ẹnìkan ti fi ọgbà wa sùn, pé mítà 1 ni ó yẹ kí ti ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́, kí a gé e tàbí kí a kọ̀wé béèrè àṣẹ láàárín ọjọ́ 28. Mo mú téèpù, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì dúró ti ọgbà náà. Mítà 1 àti díẹ̀ ni gíga ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin sì ni. Bí a bá gé ọgbà yẹn sí ibi tí wọ́n wí, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè na ọwọ́ gbé ọmọ mi láti ẹ̀bá títì. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí káńsù wí? Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Kọ́lékọ́lé (London)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ ọgbà ṣíṣe ni mò ń ṣe níbí láti ọdún 11 sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó wí fún yín pé mítà 2 kò purọ́, àmọ́ ìdajì òfin ló sọ. Òfin ìlú yìí pín ọgbà sí ọ̀nà méjì. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ ń gbà kò gbọdọ̀ ga ju mítà 1 lọ láìjẹ́ pé a gba àṣẹ. Èyí tó bá wà níbòmíràn, bí ààlà àwa àti aládùúgbò lẹ́yìnkùlé, lè ga dé mítà 2.

Ibi tí ó ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé "iwájú ilé" ni òfin ń sọ nígbà tó bá ní mítà 1. Òfin kò mẹ́nu kan iwájú tàbí ẹ̀yìn. Títì ni ó ń wò. Ilé tó wà láàárín àdúgbò máa ń ní títì kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ iwájú rẹ̀, nítorí náà kò sí wàhálà. Ilé orí igun, bí ti yín, ní títì ní ọ̀nà méjì, ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ òfin mítà 1 bí iwájú ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán, tí ọkọ̀ kì í gbà rárá, ni ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mítà 2 ni ẹ̀ bá ní.

Mo ní ìbéèrè méjì. Báwo ni ọgbà àtijọ́ tí ìjì wó ṣe ga tó? Ṣé ẹ ní àwòrán rẹ̀?

Ọmọ Olókè (Birmingham)

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọgbà bá ti dúró fún ọdún mẹ́rin, káńsù kò lè sọ ohunkóhun mọ́. Ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, ẹ máa dá lẹ́tà wọn padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ìgbà yóò lọ.

Akọ̀wé Ìkọ́lé (Kent)

Mo kí gbogbo ilé. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìkọ́lé káńsù kan rí fún ọdún díẹ̀, n kò sì lè dákẹ́ lórí ìmọ̀ràn tí àbúrò wa láti Birmingham mú wá, nítorí pé ó lè kó Ìyá Ìbejì sí gbèsè.

Ọdún mẹ́rin ni òfin náà jẹ́ ní òótọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di ọdún 10. Iṣẹ́ tó bá ti parí kí ọjọ́ náà tó pé nìkan ni ó ṣì wà lábẹ́ ọdún mẹ́rin. Ọgbà Ìyá Ìbejì kò tíì pé ọdún kan. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀ lé lẹ́tà ni ìwé àṣẹ tó lágbára òfin, ẹni tí kò bá sì tẹ̀ lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù. A lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ ìkọ́lé bẹ́ẹ̀, àmọ́ a gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ tí ìwé náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó dé. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ìlẹ̀kùn ti tì.

Òfin tí Kọ́lékọ́lé ń sọ wà nínú General Permitted Development Order ti ọdún 2015, Part 2, Class A. Ohun tí ìwé náà ń ṣe ni pé ó fún gbogbo onílé ní àṣẹ tẹ́lẹ̀ láti ṣe àwọn iṣẹ́ kan láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ó sì sọ ibi tí àṣẹ náà pin sí. Yàtọ̀ sí mítà 1 àti mítà 2, ó ní àwọn gbólóhùn mẹ́ta tí àwọn èèyàn kì í kà. Bí ilé bá wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò, tàbí tí ọgbà náà bá jẹ́ ààlà pẹ̀lú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí àṣẹ ọ̀fẹ́ kankan. Bí iṣẹ́ náà bá dí ojú àwọn awakọ̀ dé ibi tí ó lè fa ewu, àṣẹ ọ̀fẹ́ kò sí, ì báà jẹ́ pé kò ga ju mítà 1 lọ. Gbólóhùn kẹta ni mo rò pé Kọ́lékọ́lé ń tọ́ka sí nígbà tó béèrè nípa ọgbà àtijọ́: ẹni tó bá ń tún ọgbà tó wà nílẹ̀ ṣe lè gbé e dé gíga tí ó ní tẹ́lẹ̀, bí gíga yẹn tilẹ̀ ju mítà 1 lọ.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ inú òfin náà dáadáa. Títọ́jú, mímú dára sí i, àti yíyí padà ni ó sọ. Ọgbà tí a ti hú gbogbo òpó rẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣófo fún oṣù méje kí a tó gbé òmíràn dé, òṣìṣẹ́ káńsù lè sọ pé ọgbà tuntun nìyẹn, pé kò sí ohun tí a tún ṣe. Èmi ì bá sọ bẹ́ẹ̀ náà ní ìgbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì dùn mí láti wí i.

Kọ́lékọ́lé (London)

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí oṣù méje yẹn. Bí mo bá ń bá oníbàárà ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo máa ń ya àwòrán ọgbà àtijọ́ pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀, n ó sì máa pààrọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣófo ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, àmọ́ kò sí ẹni tó lè wí pé ọgbà kò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ẹ kú ìmọ̀ràn, Ọlọ́run yóò bù kún yín. Mo wá inú fóònù mi, mo rí àwòrán tí a yà ní ọjọ́ tí a wá wo ilé. Ọgbà àtijọ́ náà dé àyà ọkọ mi, mo rò pé kò ju mítà 1.3 lọ. Kò sí òpó kankan tó ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀, a ti hú gbogbo wọn. Nítorí náà mo rí i pé ọ̀nà yẹn ti dí.

Ẹ má bínú, ìbéèrè mi kan ṣì kù: ṣé bí a bá sún ọgbà náà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lójú títì, kí a fi òdòdó tàbí igi kékeré síwájú rẹ̀, a ti kúrò lábẹ́ òfin mítà 1 nìyẹn?

Akọ̀wé Ìkọ́lé (Kent)

Òfin náà kò sọ iye mítà tí èèyàn yóò sún sẹ́yìn kí ó tó kúrò "lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì", ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti ń wáyé jù lọ. Kò di dandan kí ọgbà fara kan títì kí a tó lè wí pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ó wà. Òṣìṣẹ́ yóò wo bí ibẹ̀ ṣe rí: ṣé ọgbà yìí ni ó ṣì pààlà láàárín ilé àti títì, àbí nǹkan mìíràn wà láàárín wọn? Bí ẹ bá sún un sẹ́yìn ní ìdajì mítà péré, èrò mi ni pé ẹ̀gbẹ́ títì náà ni yóò ṣì jẹ́.

Síbẹ̀ sísún un sẹ́yìn wúlò gidigidi, nítorí pé bí ẹ bá kọ̀wé béèrè àṣẹ, ohun tí wọn yóò gbé yẹ̀ wò ni bí àdúgbò yóò ṣe rí àti bóyá awakọ̀ yóò ríran. Pákó gígùn tó dúró gbọnrangandan lẹ́bàá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa ń ṣòro fún wọn láti fọwọ́ sí. Pákó kan náà, bí ó bá wà lẹ́yìn ewéko, kì í ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ìwé béèrè lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti wáyé kò lòdì sí òfin, òfin fúnra rẹ̀ ni ó fàyè sílẹ̀ fún un, ọ̀sẹ̀ 8 sì ni àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ láti dá èsì padà. Ẹ pe òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà sí yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá wo ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, àǹfààní ni ó jẹ́ fún wọn bí onílé bá sọ tẹnu rẹ̀ láìfi ìbínú sí i.

Bàbá Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ kú ìnira ilé kíkọ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ó sì yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní ilé níbí, ọgbà mítà 1 kò jẹ́ nǹkan kan lójú wa. Kí ilé tó ní òrùlé ni èèyàn ti ń ronú ògiri búlọ́ọ̀kù tí yóò yí i ká, tí yóò ga ju àgbà ọkùnrin lọ, àfọ́kù ìgò tàbí wáyà ẹlẹ́gùn-ún lórí rẹ̀. Olè ni ó kó wa sí i. Kì í ṣe pé òfin kò sí níhìn-ín o. Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ mọ ògiri yí ilẹ̀ rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, wọn yóò sì béèrè ìwé tí awọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ààlà gbà ni ìjà wa níbí máa ń dá lé, ju bí ògiri ṣe ga lọ.

Ní ayé àwọn bàbá wa, pérégún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún ààlà lè gé e mọ́lẹ̀ lóru, àmọ́ bí òjò bá rọ̀, yóò tún yọ ọ̀mùnú níbi tí wọ́n gbìn ín sí, gbogbo ayé yóò sì mọ̀. Kọnkéré tí awọnlẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀ lóde òní, tí ó ní nọ́ńbà lórí, iṣẹ́ pérégún ni ó ń ṣe.

Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi fẹ́ kí ọgbà ẹ̀gbẹ́ títì kúrú tó bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn kì í bẹ̀rù olè ni?

Kọ́lékọ́lé (London)

Bàbá, ẹ kú àkíyèsí, mo dọ̀bálẹ̀ o. Wọ́n ń bẹ̀rù olè. Àmọ́ ewu mìíràn ni òfin yìí ń wò ní ẹ̀bá títì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ṣe ọgbà kan fún ẹnìkan ní orí igun ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí n tó mọ òfin yìí. Nígbà tí mo parí, mo wọ ọkọ̀ mi láti máa lọ, mo fẹ́ yà sí títì ńlá, n kò rí nǹkankan ní ọwọ́ òsì àfi pákó tí èmi fúnra mi kàn. Mo ní láti ti orí ọkọ̀ jáde sí ojú títì kí n tó lè ríran, kẹ̀kẹ́ kan sì kọjá níwájú mi bíi pé atẹ́gùn ni ó gbé e. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó sínú ọkọ̀ mi wo igun kí n tó gba iṣẹ́. Ọmọdé tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn jáde láti inú àgbàlá rẹ̀ kò lè rí i bí ọgbà bá ga.

Ní ti àfọ́kù ìgò, Bàbá, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe é níbí. Òfin ọdún 1984 lórí ojúṣe onílé lè mú kí èèyàn dáhùn fún ìpalára ẹni tó fo ọgbà wọlé láìgbàṣẹ, bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ nípa ewu náà tí kò sì ṣe ohun tó yẹ nípa rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó bá lè ṣe ẹni tó ń lo títì lèṣe, Highways Act ti ọdún 1980 fún káńsù lágbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́. Òfin yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí geètì ṣí síta sójú ọ̀nà. Inú ilé ni ó gbọ́dọ̀ ṣí sí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Leeds)

Ọ̀rọ̀ ààlà tí Bàbá mẹ́nu kàn ni ó kàn mí. Ìjì wó ọgbà tó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi. Ó ní èmi ni mo ni ín nítorí pé ọwọ́ òsì ilé mi ni ó wà, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú wọn. Ṣé òfin kan wà bẹ́ẹ̀? Mo sì ń ronú pé kí n kúkú fi bíríkì mọ ọ́n kí ìjì má baà wó o mọ́.

Akọ̀wé Ìkọ́lé (Kent)

Kò sí òfin bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ òsì tàbí ọwọ́ ọ̀tún, àhesọ ni. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ilé yín àti ti aládùúgbò yín lọ́dọ̀ Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, kò wọ́n. Ẹ wo àwòrán inú àwọn ìwé àtijọ́ bóyá ẹ ó rí àmì kan tó dà bíi lẹ́tà T lórí ìlà ààlà. Inú ilẹ̀ ẹni tí T náà bá wà, òun ni ó sábà máa ń ni ọgbà náà tàbí ojúṣe rẹ̀, pàápàá bí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà bá sọ ohun tí àmì náà dúró fún. Bí T méjì bá kọ ìdí sí ara wọn tó dà bí H, ẹ jọ ni ín. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jókòó sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Ohun kan tí ó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé ìlà pupa tó wà lórí àwòrán Land Registry kì í ṣe ojú ààlà gan-an. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2002 sọ ọ́ ní kedere pé ibi tí ààlà wà lápapọ̀ ni ìlà náà ń fi hàn. Ẹni tó bá mú rúlà lé àwòrán náà tí ó sì wí pé aládùúgbò òun ti jẹ 20 sẹ̀ǹtímítà, asán ni ó ń wọ̀n, nítorí pé ìbú ìlà pupa náà fúnra rẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ilẹ̀. Mo ti rí ìdílé méjì tí wọ́n náwó lọ́yà lórí ilẹ̀ tí kò gba bàtà ẹsẹ̀ kan, tí wọn kò sì kí ara wọn mọ́.

Ní ti bíríkì, ẹ ṣọ́ra. Ọgbà onípákó kò kan Party Wall Act ti ọdún 1996, ìyẹn òfin ògiri ojú ààlà, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì lójú ààlà kàn án. Ẹ gbọ́dọ̀ fún aládùúgbò yín ní ìwé ìfitónilétí, ó kéré tán, oṣù kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ògiri náà jókòó lé ààlà, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tirẹ̀, àfi kí ó gbà ní kíkọ sílẹ̀. Bí kò bá gbà, inú ilẹ̀ yín nìkan ni ẹ ó mọ ọ́n sí.

Ará Essex

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ní àdúgbò wa tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1970 sókè, ìwé ilé kọ̀ọ̀kan sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọgbà kankan síwájú ilé, kí koríko gbogbo ilé lè jọ tẹ́ pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ọgbà tí kò ga ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ, káńsù kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, àmọ́ àwọn aládùúgbò fi ìwé ilé mú un, ó sì tú u. Ẹ ka ìwé ilé yín kí ẹ tó ra pákó.

Ìyá Ìbejì tún sọ̀rọ̀ igi. Òfin gíga ọgbà kò kan igi tí a gbìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbin igi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlà kan, tí wọ́n jẹ́ irú èyí tí kì í wọ́wé, tí wọ́n sì ga ju mítà 2 lọ tí wọ́n ń dí ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò, òfin ọdún 2003 kan fún un láyè láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí káńsù lẹ́yìn tó bá ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá yín sọ ọ́. Aládùúgbò mi gbin leylandii, irú igi bẹ́ẹ̀ kan, ní ọdún 2016, ilé ìdáná mi kò rí oòrùn mọ́ ní ọ̀sán. A dúpẹ́ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo dé káńsù, ó ń gé e lọ́dọọdún báyìí.

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe bí Akọ̀wé ti wí, mo pe òṣìṣẹ́ náà, ó sì wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo fi àwọn ìbejì hàn án, mo sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ọgbà gíga, ó sì fetí sílẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun, àmọ́ bí a bá sún ọgbà náà wọlé ní mítà 1, tí a gbin igi síwájú rẹ̀, tí a sì gé pánẹ́ẹ̀lì méjì tó wà ní ìpẹ̀kun igun sí mítà 1 kí awakọ̀ lè ríran, òun rò pé ìwé ìbéèrè wa yóò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Títí èsì yóò fi jáde, wọn kò ní ṣe ohunkóhun sí wa. Ọkọ mi ti ya àwòrán ibẹ̀, a sì ti fi ìwé náà ránṣẹ́ lánàá. Ó dùn wá pé a ó pàdánù mítà kan nínú àgbàlá tí kò fẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo fara mọ́ ọn. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní igun náà gẹ́gẹ́ bí Kọ́lékọ́lé ti wí, òótọ́ ni, n kò rí nǹkankan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò yé mi. Kí òṣìṣẹ́ náà tó lọ, ó fi téèpù wọn ọgbà tó wà láàárín àwa àti aládùúgbò, ó ní mítà 2.13 ni. Ó ní kí a wá nǹkan ṣe sí i kí ẹnikẹ́ni tó fi sùn. Báwo ni pánẹ́ẹ̀lì mítà 1.83 ṣe di 2.13?

Kọ́lékọ́lé (London)

Ìyá Ìbejì, ǹjẹ́ pátákó kọnkéré kan wà lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí pákó má baà fara kan ilẹ̀ tútù kí ó jẹrà? Bí ó bá wà, ẹ wọn ọ́n. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, ti 15 sẹ̀ǹtímítà àti ti 30. Bí ó bá jẹ́ 30, òun nìyẹn: 1.83 àti 0.30 jẹ́ 2.13. Láti ilẹ̀ dé orí ni òfin ń wọn ọgbà, kò bìkítà bóyá pákó ni tàbí kọnkéré. Bí ẹ bá tún gbé pákó oníhò tí òdòdó ń gùn lé e lórí, wọn yóò ka ìyẹn pẹ̀lú. Ti ẹ̀gbẹ́ títì náà ní láti rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ iye tí ẹ kọ sínú ìwé ìbéèrè yín wò, kí ó má lọ jẹ́ 1.83 ni ẹ kọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fa pánẹ́ẹ̀lì jáde láti òkè, ẹ yọ pátákó 30, ẹ fi ti 15 rọ́pò rẹ̀, ẹ dá pánẹ́ẹ̀lì padà. Yóò di 1.98. Àwọn òpó yóò wá yọrí ju pákó lọ, àwọn náà sì jẹ́ ara ọgbà, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ gé 15 sẹ̀ǹtímítà kúrò lórí wọn. Irin wà nínú òpó kọnkéré. Bí ẹ bá gé e, ojú irin yóò yọ, kí ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò wọ̀ ọ́, òpó náà yóò sì sán láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá gé e gbọ́dọ̀ bo imú rẹ̀ dáadáa, eruku kọnkéré kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Ìbejì (Kent)

Mo ti wọ̀n ọ́n. 30 ni, gbogbo wọn yípo. Ohun tí a kọ sínú ìwé ìbéèrè sì jẹ́ 1.83 gẹ́gẹ́ bí ẹ ti fura, nítorí náà mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ náà láàárọ̀ yìí láti tún un ṣe sí 1.98, pé pátákó 15 ni a ó lò níbẹ̀ náà.

Mo kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò wa, ìyá àgbàlagbà kan ni, mo ṣàlàyé fún un pé a nílò láti wọ àgbàlá rẹ̀ kí a lè gé òpó láti ìhà méjèèjì. Ó gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo rí i tí ó ń kó àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rán ọkọ mi lọ bá a gbé èyí tó wúwo.